Ọwọ́ Mẹ́ta Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bàbá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kò fọ aṣọ oníbàárà kan rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ló ni iṣẹ́. Òun ló ń rẹ aṣọ, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń sá a, òun náà ló ń lọ̀ ọ́. Ti ọkọ ni kó wa ọkọ̀, kó lọ gba aṣọ ìdọ̀tí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà láàárọ̀, kó sì gbé èyí tó ti mọ́ padà fún wọn nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé aṣọ dé ẹnu ọ̀nà ni ojú àwọn èèyàn mọ̀, ni oyè bá já lé e lórí. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú Ìyá Ìbejì, obìnrin náà a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Alágbàfọ̀ tí kò lè fún áńkáṣíìfù!" ni yóò wí, ọkọ náà á sì bá a rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni.

Ọkọ̀ wọn, àgbà ọkọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù kékeré ni, onímú gígùn, olójú róbótó méjì, irú èyí tí wọn kò ṣe mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àlòkù ni wọ́n rà á nígbà tí àwọn ìbejì ṣì ń rá kòrò, funfun báláú ni nígbà náà, funfun náà ló sì wà títí. Àwọn tó mọyì ọkọ̀ àtijọ́ a máa dá a dúró lójú títì láti yà á ní fọ́tò. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá Alágbàfọ̀ á tún kọ́là ṣe, á dúró ti ìmú ọkọ̀ náà bí ẹni pé òun ni wọ́n wá wò.

Ọdún tó kọjá ni àìsàn rọpárọsẹ̀ dá a wó nínú ọgbà ilé, níbi tó ti ń to aṣọ sẹ́yìn ọkọ̀. Orí ibùsùn ọsibítù ló ti lajú. Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀mí kò bọ́. Ohùn rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà padà, ọ̀pá ló kàn ń bá a gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò fẹ́ gbọ́rọ̀. Ó wà lára rẹ̀ bí àlejò tí kò gbédè ilé: ó lè ní kó ṣí, kó pa dé, ó lè ní kó pa dé, kó kàn máa wò ó. Ọwọ́ yẹn ló ń fi yí jíà. Wọ́n ta tapólì bo ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn oníbàárà tó lè rìn bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn gbé aṣọ wá, àwọn tí kò lè rìn sì wá ibòmíràn lọ.

Ọmọ wọn obìnrin, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, ló bá wọn wá ẹni tó ń ra pàǹtí irin. Kò ṣe é láti fi bí wọn nínú. Ó ṣàkíyèsí pé bàbá òun kì í wo apá ibi tí ọkọ̀ wà mọ́, ó wá rò pé bí ojú rẹ̀ kò bá rí i níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Bàbá náà gbà, kò jiyàn.

Oníirin náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ká tapólì, ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó fi ìka kan ara ọkọ̀ kó-kó-kó, ó wá ní kí wọ́n bá òun ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìbejì ló bá a ṣí i. Háà! Eku ti ya ilé síbẹ̀. Ewé gbígbẹ kún ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Òróró àtọdúnmọ́dún ti bá eruku lò pọ̀, ó dì mọ́ ẹ́ńjìnnì dúdú kirikiri bí ọ̀dà títì. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ bátìrì. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sínú ìtẹ́ eku, ó fa nǹkan kan yọ.

"Ẹ gbà mí! Ìbọ̀sẹ̀ tíṣà rèé! Mo bá wọn búra pé afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ."

Oníirin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ́ńjìnnì ló wà níbí àbí ààtàn?"

Kò fi ibi kankan sọ ọ́, àwàdà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Alágbàfọ̀ lára. Ojú tì í, bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn bá láìwọṣọ. Ọkọ̀ tó gbé aṣọ mímọ́ fún gbogbo ìlú, inú ara rẹ̀ rèé!

"Ẹ máa lọ ná," ó sọ fún un. "Ẹ padà wá lópin oṣù. Mi ò lè jẹ́ kó jáde nílé mi báyìí."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Ìyá Ìbejì kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo fẹ́ kùn ún."

"Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi fọ̀ ọ́?"

Ìbéèrè náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, ó sì dùn ún pé ó bọ́. Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Ìyá Ìbejì dúró, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tí omi ọṣẹ ti hun jọ.

"Ó dáa," ó ní. "Ọwọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ jókòó sórí àpótí níwájú ọkọ̀, ó ń pàṣẹ. Ìyàwó tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń tú nǹkan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀, obìnrin yìí kò yẹ ibẹ̀ wò rí. Bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú àwọn họ́ọ̀sì àti wáyà. Bí Ìyá Ìbejì ṣe ń tú u, bẹ́ẹ̀ ló ń so pélébé aṣọ kéékèèké mọ́ ọn, èyí tó ní nọ́ńbà, tó fi ń dá ẹrù àwọn oníbàárà mọ̀.

"Kí lèyí?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Bí mo ṣe ń mọ ṣòkòtò ẹni tó ni ín nìyẹn. Ẹ fẹ́ kí n wá kó ṣòkòtò lọ́yà fún bíríkìlà?"

Bàbá Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́ ṣubú lórí àpótí. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n fi náílọ̀nù tí wọ́n fi ń bo aṣọ lílọ̀ wé kabúrétọ̀ àti ibi tí àwọn wáyà pílọ́ọ̀gì ti ń jáde, kí omi má bàa wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọkọ ní kí wọ́n gbé omi wá kí wọ́n dà á sí i, kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Ìyàwó ní kò lè ṣeé ṣe.

"Ìdọ̀tí olóróró, ẹ kì í fi omi pàdé ẹ̀. Ẹ máa rẹ ẹ́ ná."

"Ẹ́ńjìnnì ni, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ wa ọkọ̀ yín, kí n fọ aṣọ mi."

Ó fi kẹrosíìnì po ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú títí ó fi ki, ó fi ìnulẹ̀ àlòkù kùn ún mọ́ gbogbo ara ẹ́ńjìnnì, ó sì wọlé lọ lọ aṣọ. Nígbà tó padà dé, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ọ̀rá dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó kàn fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan, ó sún mọ́ ọkọ̀, ó ń bá a fọ àwọn ihò kéékèèké. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé etí ọkọ̀, kó lè fi gbéra ró. Ìyá Ìbejì rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n rí àwọ̀ náà. Ìyá Ìbejì ń fi aṣọ nu ògiri irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ló bá rí i pé ohun tó wà lábẹ́ ìdọ̀tí kì í ṣe funfun. Ó tún nù ún. Búlúù ni, búlúù rírẹwà, bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wá wo nǹkan."

Ọkùnrin náà dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń wà á, wọn kò mọ̀ pé búlúù ni wọ́n bí i, pé ẹlòmíràn ló kùn ún ní funfun kó tó tà á. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní jẹ́jẹ́, "a kò mọ ẹni tí à ń bá gbé."

Bátìrì ló fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé pẹpẹ irin tó ń jókòó lé kúrò, tí wọ́n fi sáńdípépà gbo ibẹ̀, ihò ńlá kan ló là. Omi bátìrì ti jẹ irin náà tán, èèyàn lè ti ibẹ̀ rí ilẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kun ihò ní ọ̀dà. Ó gbọ́dọ̀ gba wẹ́dìn.

Wẹ́dà kan sì wà lẹ́yìn ògiri wọn gan-an, ariwo iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń jí. Ṣùgbọ́n Bàbá Alágbàfọ̀ àti wẹ́dà yìí kì í kíra. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí náà ló dá ìjà sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn: ìdí ọkọ̀ a máa dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, wẹ́dà sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà, Bàbá Alágbàfọ̀ sì fìbínú sọ fún un pé kó gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rù, kó wá ibòmíràn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé, ọ̀kan á máa wo òkè, èkejì á máa wo ilẹ̀.

"Mo lè lọ bá wọn," Ìyá Ìbejì sọ. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ ìdí rẹ̀.

"Rárá. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ burúkú. Èmi ni kí n lọ."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Láti ìgbà tó ti dé láti ọsibítù, kò dá jáde nílé rí. Ọ̀nà náà kò ju kó yí ògiri ká lọ, ṣùgbọ́n kó tó dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó ti dúró sinmi lórí ọ̀pá rẹ̀. Wẹ́dà ń lọ irin lọ́wọ́. Ó rí ẹni tó dúró, ó pa ẹ̀rọ, ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn tó fi sáré gbé àga wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ nígbà yẹn, kò yẹ kí n sọ ọ́."

"Ẹ gbàgbé ìyẹn. Ó ti tán nínú mi láti ọjọ́ tí mo ti gbé yín."

Bàbá Alágbàfọ̀ wò ó. "Ìgbà wo lo gbé mi?"

Ó wá kan wẹ́dà láti wò ó. "Ọjọ́ tí ẹ ṣubú. Ìyàwó yín pariwo, mo fo ògiri. Mo gbé yín sẹ́yìn ọkọ̀ yín níbi tí ẹ ti ń kó aṣọ, lórí bẹ́dìṣíìtì àwọn èèyàn. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹ̀, èmi ni mo wà á dé ọsibítù. Àfi bí ẹni pé jíà yẹn fẹ́ bá mi jà! Mo gbé e padà wá, mo páàkì ẹ̀ síbi tó wà yẹn. Ẹ kò mọ̀ ni?"

Odindi ọdún kan ni Bàbá Alágbàfọ̀ ti ń rò ó lọ́kàn pé aládùúgbò yìí kò tilẹ̀ wá kí òun pẹ̀lẹ́.

"Mo wá sí ọsibítù," wẹ́dà ń bọ́rọ̀ lọ, "ẹ ń sùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé yín délé, mo kí yín látorí ògiri, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo ní, ó dáa, inú ń bí wọn síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó ìbínú bá aláìsàn."

"Ohùn mi kò tíì padà nígbà yẹn," Bàbá Alágbàfọ̀ sọ. "Ẹnu mi ò ṣí."

Ó gbìyànjú láti dìde kó lè dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láàárín irin. Wẹ́dà di ejìká rẹ̀ mú, ó ní èèwọ̀, ó ní kí wọ́n má fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú báyìí, ọ̀pá ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Ẹ kú àná o," Bàbá Alágbàfọ̀ wí nígbà tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àná ti pé ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Ó délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù. "O kò sọ fún mi pé wẹ́dà ló gbé mi!"

"Èmi ò sọ?" Ìyá Ìbejì gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Mo jókòó tì yín lọ́sibítù, mo ròyìn ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ ní 'ẹ̀n-ẹ́n'."

"'Ẹ̀n-ẹ́n' ni mo ń dá gbogbo èèyàn lóhùn! Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni orúkọ mi, mo ní 'ẹ̀n-ẹ́n'!"

Odindi ọdún kan ni Ìyá Ìbejì náà ti ń bínú sí ọkọ rẹ̀ nínú, tó ń rò pé irú ọlọ́kàn líle wo lèyí, tí wọ́n gba ẹ̀mí ẹ̀ là tí kò lè sọ pé ẹ ṣeun. Ó ti ń bá ìdílé wẹ́dà fọ aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè bá ọkọ rẹ̀ dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó wá sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé orí lé e láyà. "Ẹ dárí jì mí," ó ní. "Mo ti bú yín gan-an nínú mi."

Wẹ́dà dé lọ́jọ́ kejì, ó gé irin tuntun, ó fi bo ihò náà, ó jó o pọ̀ mọ́ra, ó sì lọ̀ ọ́ títí ó fi dán. Ó bá wọn fi sáńdípépà gbo ibi tó ga, ó bá wọn fi bébà àti téèpù bo gbogbo ohun tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ kàn. Òun ló bá wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́dà, wọ́n gé irin pélébé kan tó ní búlúù náà lára dání, ọlọ́dà pò ó títí méjèèjì fi jọra.

Nígbà tó kan kíkùn, Bàbá Alágbàfọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá Ìbejì fi ọ̀já aṣọ kan dì í mọ́ ọn lọ́wọ́, kó má bàa bọ́. Ẹ̀yìn ibi tí bátìrì ń jókòó ni wọ́n ní kó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ọwọ́ náà gbọ̀n. Ọ̀dà lọ síbi tí kò yẹ, ó ta sí i lójú, ó ta sí aṣọ Ìyá Ìbejì. Ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kan ìlà á wọ́, ẹ̀kan á tọ́. Nígbà tó dé ògiri ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ìyàwó òun tú ọ̀já náà. Ó tú u. Búrọ́ọ̀ṣì kò bọ́. Wẹ́dà tó wà lórí ògiri tó ń wò wọ́n pàtẹ́wọ́, ó ní òun ò rí irú ọ̀gá kunlékunlé báyìí rí.

Ọ̀dà gbẹ. Wọ́n dá gbogbo nǹkan padà gẹ́gẹ́ bí pélébé aṣọ ṣe wí, kò sí ọ̀kan tó ṣìnà. Bátìrì tuntun wọlé. Wẹ́dà jókòó síbi awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Ó húkọ́, ó dákẹ́. Ìyá Ìbejì sọ pé ẹ dúró ná. Ó tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí náílọ̀nù tí òun fúnra òun ti gbàgbé sí ẹnu kabúrétọ̀. Ó yọ ọ́, ó kó o sínú àpò. Wẹ́dà yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn, èéfín jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún rọ́rọ́rọ́. Bàbá Alágbàfọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé etí ọkọ̀. Ó ní òun ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, títí dé ìka.

Oníirin padà wá lópin oṣù bó ṣe ṣèlérí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé, ó tún ṣí i. "Bàbá, ọkọ̀ mìíràn lẹ gbé síbí."

"Òun náà ni. Ẹ má bínú o, a kò tà á mọ́. Ọkọ̀ tó gbé mi dé ọsibítù ni."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ya fọ́tò, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba aṣọ ìbora tó wúwo.

Ọwọ́ náà kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò lè yí jíà, dókítà sì ti sọ fún un pé kó má retí rẹ̀. Wẹ́dà ló ń bá wọn wa ọkọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Alágbàfọ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa júwe ilé àwọn oníbàárà. Díẹ̀ nínú àwọn tó ti lọ ti padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, Ìyá Ìbejì jáde wá sá aṣọ, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tó dúró níwájú rẹ̀. Oòrùn ń bọ̀ sórí búlúù náà.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Mò ń wò ó ni."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ kalẹ̀, ó dúró tì í, òun náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó na ìka sí igun kan lápá òsì. "Ọ̀dà ò dé ibẹ̀ yẹn dáadáa."

"Mo rí i," ọkọ rẹ̀ ní. "Ó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú agolo. Bá mi wá búrọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn."